Ìwé Dókítà Inú Agolo Tíì

Bàámi, ẹni tí kì í mu tíì tó ti tutù,

Ó rẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé a kì í fi àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Àsàláámù àléékùn, Bàámi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà níbẹ̀ yẹn? Ṣé orúnkún òsì yín ṣì ń dùn yín, àbí a kì í gbé orúnkún dé ibẹ̀? Orí ẹní yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, ẹní tí etí rẹ̀ kan máa ń ká sókè. Ẹ máa ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó kírun, á sì tún ká kí ẹ tó parí rákà àkọ́kọ́. Ó ṣì ń ká. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ti dé Ìlọrin, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Yàrá yín ni wọ́n fi mí sí. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Ráfíù, ìyàwó àbúrò yín, ní ibo ni kí wọ́n wá fi mí sí, ṣé orí igi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kúrò ní Perth fún yín. Mo fi ìwé ìrìnnà mi lé ojú ẹ̀rọ kan, iná aláwọ̀ ewé tàn, ilẹ̀kùn kékeré kan sì ṣí. Ó parí. Kò sí ẹni tó bi mí pé níbo, pé nítorí kí ni, pé ìgbà wo ni màá padà. Ènìyàn kò tíì ní sín lẹ́ẹ̀mejì tán kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Mo dúró ní òdìkejì ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú báàgì mi. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ní kí n jọ̀ọ́ sún síwájú. Ilẹ̀kùn tó tì pinpin nígbà tí ẹ ń wá mi, òun náà ló wá ń ṣí bí aṣọ ìkélé yìí.

Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ rí àlàyé òfin tó ti ilẹ̀kùn yẹn gbọ́ lẹ́nu mi nígbà náà, nítorí èmi fúnra mi ò lè ṣe é ní Yorùbá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí màámi ṣaláìsí tí Àǹtí, àbúrò wọn, sì mú mi dání lọ sí Ọsirélíà, Yorùbá ọmọ ọdún mẹ́wàá náà sì ni mo ń bá yín sọ títí mo fi dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Èmi kì í ṣe ọmọ onílùú níbẹ̀. Àlejò tó ti pẹ́ ni mí, tó ní ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà gba ayé kan, ìjọba ti ibodè. Àlejò tó wá fún ìgbà díẹ̀ lè jáde bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò dájú pé wọ́n á jẹ́ kó padà wọlé. Àwa tí a ti pẹ́, àti àwọn onílùú fúnra wọn, a ò gbọdọ̀ jáde rárá láìgba ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá fẹ́ ìyọ̀ǹda á kọ ìdí rẹ̀, á sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ òbí rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá, ìwé gbọ́dọ̀ wà tó sọ pé àìsàn náà le. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn lásán o. Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe le tó.

Èyí tí mo lè sọ fún yín nígbà yẹn ni pé wọn ò jẹ́ ká jáde. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Àlejò tí wọn ò jẹ́ kó relé? Níbí ńkọ́, àlejò tó bá ní òun ń lọ, a ó sìn ín dé títì, a ó tún bá a dúró de ọkọ̀.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oṣù méjì ni.

Ní ọdún kejì òfin yẹn ni ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ẹ ò sọ fún mi. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pè mí? Lẹ́yìn àsùbá yín, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ mi, mo máa ń wà níbi tí a ti ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ máa ń gbé fóònù sún mọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé fìlà yín àti àjà nìkan ni mò ń rí. Mo mọ àjà yàrá yìí ju ojú yín lọ. Omi òjò ṣe àbàwọ́n kan síbẹ̀ tó rí bí ewúrẹ́ tó sùn. Ẹ á bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ á bi mí ohun tí mo jẹ. Tí mo bá ní búrẹ́dì, ẹ á ní búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ, nǹkan tí a fi ń dúró de oúnjẹ ni. Ẹ kì í sì í sọ pé ó dàbọ̀ láéláé. Ohun tí ẹ máa ń sọ ni, “Ó tó báyìí ná.” Fóònù á wá kú.

Ìyá Ráfíù ló kọ́kọ́ tú u fún mi pé ẹ ò lè wọ bàtà mọ́, pé ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ fi ń jókòó sùn nítorí èémí. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, Bàámi. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá oníbàbá, tí mò ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ibẹ̀ á padà kún. Ẹsẹ̀ bàbá tèmi ni mi ò lè fọwọ́ kàn.

Mo kọ ìwé ìyọ̀ǹda ní ọjọ́ yẹn gan-an. Àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ní kí n sọ ìdí ìrìnàjò mi. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kíá, láìgbé ọwọ́ sókè: pé bàbá mi ń, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ló kù. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, lórí fóònù pé kí wọ́n bá mi kọ ìwé láti ilé, kí wọ́n sì gba ti dókítà kún un.

Ta ni kò mọ Bàbá Kékeré sí ìwé kíkọ? Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń kọ ìwé fún, ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé. Lọ́jọ́ kejì, ohùn wọn dé. “Ọmọ mi, mo ti kọ ọ́ o. Táíwò Road ni mo ti lọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì bá mi lu òǹtẹ̀ pupa sí i. Tí òyìnbó bá rí ìwé yìí tí kò bá ṣílẹ̀kùn, á jẹ́ pé kò mọ̀wé.”

Mo ṣì ní ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, nítorí mi ò rò pé wọ́n kà á fún yín rí. Ó ní ẹni iyì ni bàbá ọmọ yìí, olùkọ́ Kùránì fún ogójì ọdún. Ó ní ẹ ní oko éékà mẹ́fà ní Òkè-Oyì, pé iṣu àti kájú wà níbẹ̀. Ó ní ilé yín kì í ṣe ilé àyágbé. Ó ní, nípa ti ìlera, ara yín ti ń mókun, pé ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọ yìí kò ju kó wá fojú kan bàbá rẹ̀ lọ, àti pé bàbá náà kò ní di ẹrù sí ìjọba kankan lọ́rùn, Alihamudulilahi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé kò bá ohun tí wọ́n béèrè mu. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ránṣẹ́? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí débi tó ti di bí orin tí kò kúrò létí. Apá kan ni pé ìwé dókítà kò tíì dé, mi ò sì fẹ́ dúró. Apá kejì ni pé ìwé náà sọ pé ara yín ti ń mókun. Mo gbà á gbọ́. Ó wù mí láti gbà á gbọ́.

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo fi ránṣẹ́ kò fi hàn pé àìsàn bàbá mi le. Ìwé tí ìdílé mi kọ, wọ́n ní, ó sọ pé ara wọn ti ń yá. Ìbínú wo ni kí n bá ẹni yẹn bí? Ohun tí a kọ ló kà.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré. Mo ní, ìwé dókítà dà? Wọ́n ní dókítà ò sí lórí ìjókòó. Lọ́jọ́ kejì, dókítà wà níbi ìpàdé. Lọ́jọ́ kẹta, iná ò sí tí wọ́n lè fi tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin wọn ò gbé fóònù. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀yin lẹ pè mí. Àjà nìkan ni mo rí, kò tilẹ̀ sí fìlà. Ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi mí kí ni. Mo ní búrẹ́dì. Mo dúró de èyí tó kù, ẹ ò sọ ọ́. Mò ń gbọ́ èémí yín nìkan, bí ẹni tó ń fi ayùn tí kò mú rẹ́ igi. Rárá, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé. Lẹ́yìn náà ẹ ní, “Ó tó báyìí ná.”

Ọjọ́ Àlàmísì ni ẹ lọ. Wọ́n ti sin yín kí wọ́n tó kí àìlà. Ẹnìkan gbé fóònù dání fún mi, mo wà nínú bọ́ọ̀sì láàárín àwọn ènìyàn tó fi aṣọ bo imú, ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin nìkan ni mo rí, àti erùpẹ̀ pupa. Ìyọ̀ǹda wà fún ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìsìnkú òbí rẹ̀, mo lè gbà á, wọ́n máa ń fúnni. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ní Ìlọrin a kì í dá ẹni tó ń lọ dúró de ẹni tó ń bọ̀.

Ọjọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ ni Ìyá Ráfíù pè mí. Ẹkún gba ẹnu wọn, wọn ò mọ̀ pé àwọn ń tú àṣírí. “Bí mo ṣe bẹ Bàbá Ráfíù tó pé kí wọ́n fi ìwé dókítà yẹn ránṣẹ́ sí ọ! Ó ti wà nílé yìí láti ọjọ́ kejì tí o ti sọ̀rọ̀ rẹ̀!”

Láti ọjọ́ kejì, Bàámi. Gbogbo ìpàdé tí dókítà lọ, gbogbo iná tí kò sí, irọ́ ni. Ìwé tó lè ṣílẹ̀kùn fún mi wà nínú ilé tí ẹ dùbúlẹ̀ sí.

Mi ò pe Bàbá Kékeré mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n pè, mi ò gbé e. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lọ́dún iléyá, mi ò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìjọba ṣí ibodè ní ìparí ọdún yẹn, gbogbo ènìyàn ń sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi jókòó. Mo ní mo ní ìdánwò. Mo ní iṣẹ́ ò fún mi láàyè. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mi ò fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹni tó gbé ìwé yẹn pamọ́, mo sì mọ̀ pé tí mo bá wọ agboolé yìí, màá ní láti kúnlẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Mo wá Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, orí fóònù ni olùkọ́ wa ti ń kọ́ wa. Mo ń kọ àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbin ẹ̀wà, lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n bi mí ní kíláàsì ìdí tí mo fi ń kọ́ ọ. Mo ní mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹnìkan.

Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀. Bàbá Kékeré ti rù. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí mi, wọ́n ṣàdúà, mo ṣe àmín, mo dìde. Láti ìgbà náà, ìkíni òwúrọ̀ àti ti alẹ́ nìkan ló wà láàárín wa. Tí mo bá gba ojúde kọjá, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan, èmi á ti kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gun ọ̀kadà lọ sí oko yín ní Òkè-Oyì. Éékà mẹ́fà tí Bàbá Kékeré kọ sínú ìwé, mi ò rí ju méjì lọ. Mo rìn ín yí ká kí n tó gbà. Ọkùnrin tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ní kò tíì fìgbà kankan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé èso kájú kan lé mi lọ́wọ́, ó ní mo jọ yín níbi iwájú orí. Mo jókòó sábẹ́ igi, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, mi ò mọ ìgbà tó di ẹkún. Ẹnìkan jókòó ní Táíwò Road níwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fi éékà mẹ́rin kún ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí òyìnbó lè bọ̀wọ̀ fún un. Ṣé bí a ṣe ń ṣe ẹni tí a kò fẹ́ràn nìyẹn?

Nígbà tí mo délé, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ náà. Mo wá ohùn tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Ó ṣì wà nínú fóònù mi. Mo gbọ́ ara mi, pẹ̀lú Yorùbá ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn. “Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìwé nípa Bàámi fún ìjọba ibí. Kí ẹ kọ ọ́ kí ó dára gan-an. Kí ẹ sì gba ti dókítà. Ẹ ṣé sà.”

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ fún wọn pé ohun búburú ni ìjọba fẹ́ gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n o. Mo ti ka òfin náà débi pé mo lè kà á láìwò ó. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sínú fọ́ọ̀mù ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ó kù kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, fún àbúrò yín, pé kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n àwọn ò ní pẹ́ mọ́, mo yà bàrá. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ kó dára. Wọ́n kọ ọ́ kó dára. Ọdún mélòó ni mo fi bínú sí wọn lórí ohun tí èmi náà ṣe?

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni, Bàámi? Ṣé ẹ dùbúlẹ̀ síbí, ẹ ń wo ewúrẹ́ àjà yìí, ẹ rò pé mo kọ̀ láti wá ni? Ohun tó ń rẹ̀ mí nìyẹn. Kì í ṣe ìrìnàjò.

Lánàá mo lọ sí ọjà Ìpàtà, mo ra wàrà, nítorí mo rántí pé ẹ máa ń sọ pé kò sí ìjà tí ẹ bá Bàbá Kékeré jà ní kékeré tí wàrà ò parí. Lẹ́yìn alásàrí mo gbé e lọ bá wọn ní ojúde. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wo ojú mi.

“Ọmọ Ọsirélíà. Wàrà yìí, ṣé kò sí májèlé nínú rẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ jẹ ẹ́ ná, kí ẹ fi mọ̀.”

“Haba! Ìyá Ráfíù! Wá bá mi tọ́ ọ wò kí n tó fẹnu kàn án.”

Ìyá Ráfíù dáhùn láti ìdí ààrò, “Èmi kọ́ ni mo gbé ìwé pamọ́ o. Ẹ máa fara gbá a.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo sì tẹ ohùn yẹn fún wọn, mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, “Bàbá Kékeré, èmi ni mo ní kí ẹ kọ ọ́ kó dára. Ìwé tó burú ni wọ́n fẹ́. Mo mọ̀, mi ò sì lè sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí.”

Wọ́n ń fi ìka ti wàrà sí ọ̀tún, sí òsì. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ìwé fún àwọn ènìyàn,” ni wọ́n wí. “Ìwé tó bá ń sunkún, òyìnbó kì í fọwọ́ sí i. Wọ́n á ní ẹni yìí fẹ́ wá jókòó ti àwọn lọ́rùn ni. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ta ló mọ̀ pé ayé ti dé ibi tí ìjọba ń sọ fún ọmọ pé, kó o tó lọ wo bàbá ẹ, kọ́kọ́ ṣẹ́ èpè fún un wá?”

“Ti dókítà ńkọ́ sà?”

“Ti dókítà.” Wọ́n nu ọwọ́. “Orí ọ̀kadà ni mo ti kà á. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń bi mí bóyá mo rí lẹ́mọ́ọ̀nù rà bọ̀. Mi ò wá lè gbé ìwé yẹn gba iwájú ẹ̀ kọjá. Mo ní tí mo bá fi ránṣẹ́, tó dé etí òkun tó kọjá òkun, ó ti dòótọ́ nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ọ̀la. Ọ̀la dé, mo ní kó jẹ́ ọ̀la.”

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé agolo tíì yín jáde. Agolo yẹn gan-an, Bàámi, èyí tí ẹ fi kéwú kọ tíì sí lára kí àwọn ọmọ kéwú má baà rò pé ṣúgà ni. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó ń rùn bíi tíì. Wọ́n ní, “Bá mi kà á ní Yorùbá. Ojú ni mo fi kà á nígbà yẹn. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí.”

Mo kà á. Ìlà kìíní ni orúkọ yín àti ọjọ́ orí yín. Mo sọ ọ́. Ìlà kejì ní ọkàn yín ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́, pé ìdí tí ẹsẹ̀ yín fi ń wú nìyẹn. Mo sọ ọ́. Ìlà kẹta ní oògùn kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. Mo sọ ìyẹn náà. Mo dé ìlà kẹrin. Ìlà kúkúrú ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò le. Ìlà tí ìjọba ń wá ni. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ní Yorùbá. Mo ti fi ọ̀pọ̀ Sátidé kọ́ wọn. Mo la ẹnu.

Mo bọ́ sí ìlà karùn-ún. “Ó ń béèrè ọmọ rẹ̀ obìnrin.”

Atẹ́gùn gba ojúde kọjá. Bàbá Kékeré na ọwọ́, wọ́n rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

“O fo ìlà kan,” ni wọ́n wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Mo mọ̀.” Wọ́n dé agolo. “O ṣeun, ọmọ mi.”

A wá jẹ wàrà. Ìyá Ráfíù jáde wá jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ní ata rẹ̀ kéré.

Ọjọ́ Àìkú ni màá padà, Bàámi. Ẹ̀rọ yẹn á tún ṣílẹ̀kùn fún mi láìbi mí ní nǹkan kan. Bàbá Kékeré ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ ìwé kan sí mi lọ́wọ́, nítorí a kì í mọ̀, bóyá wọ́n á béèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo ní kò pọn dandan. Wọ́n ní àwọn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé éékà mẹ́fà ni. Mo ní ẹ sọ ọ́ di mẹ́jọ.

Ẹ ń béèrè mi. Mo ti gbọ́ báyìí. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé etí mi ní Yorùbá, láti ẹnu èmi fúnra mi. Mo wá, Bàámi. Mo ti jẹun. Kì í ṣe búrẹ́dì.

Ó tó báyìí ná.

Èmi,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ béèrè